Àfikún ìkẹyìn lórí àyẹ̀wò àtọ̀

Ìbéèrè tó kù nílẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbé síbí lórí àìrọ́mọbí ni pé kí ló dé tí láàbù méjì ń fún ọkùnrin kan náà ní èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí wọ́n ṣe gba àtọ̀ náà ni.

Kí ọkọ yàgò fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7 kó tó gba àtọ̀. Bó bá ń gbà á, kò gbọdọ̀ lo kọ́ńdọ̀mù, ọṣẹ, ìpara tàbí itọ́. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni irúgbìn (sperm) pọ̀ sí jù; bó bá dà nù, ẹ sọ fún wọn. Kí àtọ̀ náà dé láàbù láàárín wákàtí 1. Ẹni tó ń ti Kúbwà tàbí Nyanya bọ̀ wá sí àárín ìlú Àbújá láàárọ̀ Mọ́ńdè mọ̀ pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ nìkan á jẹ wákàtí yẹn tán, nítorí náà ẹ bèèrè yàrá ní láàbù. Bí kò bá sí, abẹ́ ẹ̀wù ni kẹ́ ẹ tọ́jú ike náà sí, kì í ṣe inú oòrùn, kì í ṣe iwájú èésì ọkọ̀.

Òǹkà tó kéré jù tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) fi ń díwọ̀n, ti 2021: àtọ̀ mílílítà 1.4, irúgbìn mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń mira. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré sí i kì í ṣe àgàn dandan o. Ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí ibà líle bá ti ṣe é, ẹ dúró tó oṣù 3.

Ní ti ìyàwó, “ọjọ́ 21” tí wọ́n ń dá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ progesterone (èròjà ara tó ń fi hàn bóyá ẹyin ti jáde) wà fún ẹni tó ń rí nǹkan oṣù ní ọjọ́ 28-28. Ọlọ́jọ́ 35, ọjọ́ 28 ni tirẹ̀.

Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa.