“Aláìlérè” kọ́, “aláìgbèlé” ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Alàgbà tó fi ìtumọ̀ ránṣẹ́ lánàá pe báńkì tó ń tẹ̀lé òfin Ìsìláàmù, irú Jaiz tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2012, ní “báńkì aláìlérè”. Ẹ má bínú sà, ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣe é gbé mì. Iṣẹ́ aláìlérè ni èyí téèyàn ṣe tí kò rí nǹkan kan mú bọ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò kó owó ẹ̀ lọ síbẹ̀? Èrè ni báńkì yìí ń wá tọ̀sán-tòru. Èlé ni kì í gbà. Kódà, òfin báńkì wa àtijọ́, ti 1991, pè é ní báńkì tó ń pín èrè àti àdánù.

Inú “lé” ni ọ̀rọ̀ wà. “Lé” inú mọ́kànlélógún náà ni: ohun tó gun orí òmíràn. Ẹnìkan ti dáhùn pé mùràbáhà, ìyẹn kí báńkì ra ọjà kó sì tún un tà fún oníbàárà, náà ní “lé” tiẹ̀, torí báńkì ń tajà ju iye tó rà á lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló lé lórí? Orí ọjà ni, kì í ṣe orí owó.

Ẹ jẹ́ ká mú télọ̀ tó fẹ́ ra maṣíìnì 800,000 náírà. Yóò sọ èyí tó fẹ́ fún báńkì. Báńkì yóò rà á, rìsíìtì yóò jáde lórúkọ báńkì. Ìgbà yẹn ni yóò tó tà á fún télọ̀ ní 960,000, tí yóò sì là á fún un pé 160,000 ni èrè òun. Télọ̀ á máa san 80,000 lóṣù fún oṣù 12. Bí maṣíìnì bá jóná kó tó dé ọwọ́ ẹ̀, báńkì ló jóná mọ́ lọ́wọ́. Bó bá pẹ́ san, 960,000 náà ni. Bí wọ́n bá gba owó ìtanràn, sàárà ni wọ́n ń fi ṣe. Èlé ò mọ ìyẹn, èlé ń gun èlé ni.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kí báńkì ka 800,000 lé télọ̀ lọ́wọ́ pé kó lọ ra tiẹ̀ wá, kí rìsíìtì wá jáde lórúkọ télọ̀. Ọjà ò gba ọwọ́ báńkì kọjá rárá. 160,000 yẹn ti di èlé, ẹ ìbáà fi Lárúbáwá mẹ́wàá pè é.

Ẹni tó ní ìjà orúkọ lásán nìyí kò tíì bá agbowó-orí jókòó. Ọjà kan, títà méjì. VAT, owó-orí ọjà, jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún: títà àkọ́kọ́ 60,000, èkejì 72,000. Bí báńkì tilẹ̀ yọ 60,000 tó ti san kúrò, 12,000 ṣì kù tí yóò já lé télọ̀ lórí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó yáwó eléèlé kò san VAT lórí èlé. Àfi kí òfin ka èrè yẹn sí bó ṣe ń ka èlé. Irú ẹ̀ ló mú kí wọ́n tún òfin ṣe ní Ìlú Ọba ní 2003: báńkì ra ilé, ó tún un tà fún oníbàárà, owó òǹtẹ̀ tí ìjọba ń gbà lórí ilé títà wá di ẹ̀ẹ̀mejì lórí ilé kan ṣoṣo.

Mo fara mọ́ “aláìgbèlé”, ṣùgbọ́n ẹ fi àmì sí i dáadáa. “Gba èlé” ló di “gbèlé”. Ẹni tó kọ “aláìgbélé” lọ́jọ́sí, “gbé ilé” ló kọ. Báńkì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í dúró nílé nìyẹn. Ẹ má sì da èlé pọ̀ mọ́ ilé níbi sukuk (ìwé owó tí ìjọba fi ń kó owó jọ láìsí èlé) bílíọ̀nù 10 náírà tí Ọ̀ṣun gbé jáde ní 2013 láti kọ́ ilé-ìwé: owó ilé làwọn tó dáwó ń gbà, kì í ṣe owó èlé.

Ẹni tó tún ń fi àwọn àgbà halẹ̀, pé wọn ò mọ èlé kí òyìnbó tó dé, ìwọ̀fà ńkọ́? Gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kì í dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni èlé. Ta ló sì dá “sógundógójì” sílẹ̀? Ẹ bá ní èésú lẹ mú wá pé kò ní èlé nínú, mi ò ní jiyàn: iye tí kálukú dá ni kálukú ń kó. Alájọ tó ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù, owó ẹsẹ̀ ẹ̀ ló gbà.

Èyí tí wọ́n ní ká má pe owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn kọ̀ǹpáànì ní “owó-orí” mọ́, torí kọ̀ǹpáànì ò lórí, mi ò rí ìdí ẹ̀. Bí kò bá lórí, ta lẹ wá ń pè ní olórí ilé-iṣẹ́?