Ariwo "kọ̀ọ̀" lábẹ́ bọ́ọ̀sì: ṣé kúrọ́ọ̀sì propeller ló ti jẹ?

Awakọ̀ Ṣágámù

Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ ọkọ̀, mo kí yín o. Bọ́ọ̀sì akérò ni mo ní, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, propeller rẹ̀, ọ̀pá irin tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pín in sí apá méjì, tí béárìn kan gbé e mú láàárín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ó ti máa ń dún "kọ̀ọ̀" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí mo bá ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti gbéra, ó sì tún ń dún bẹ́ẹ̀ bí mo bá kúrò ní jíà ẹ̀yìn bọ́ sí jíà kìíní. Láàárọ̀, bí mo bá ń rọra jáde ní àdúgbò, mo máa ń gbọ́ ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, "sín-ín, sín-ín, sín-ín", tí ó ń yára bí ọkọ̀ ṣe ń yára, títí ariwo ẹ́ńjìnnì yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá ti ń sún mọ́ 80 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ilẹ̀ ọkọ̀ a máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èrò tó jókòó sí àárín.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá sọ pé kúrọ́ọ̀sì propeller, oríkèé irin bí àgbélébùú tó ń jẹ́ kí propeller lè tẹ̀ bó ṣe ń yí, ló ti jẹ, ṣùgbọ́n ó ní kò pọn dandan kí n ra tuntun, pé kí wẹ́dà kàn fi iná jó o mọ́ra kí ó má baà yẹ̀ mọ́. Ọkàn mi kò gba ìmọ̀ràn yìí, nítorí pé èrò ni mò ń gbé. Báwo ni mo ṣe lè fi ojú ara mi rí i pé kúrọ́ọ̀sì ni, pé kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì tàbí differential (àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì)? Ṣé mo sì lè máa bá iṣẹ́ lọ títí owó yóò fi dé?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Ìbàdàn

Awakọ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná kan kúrọ́ọ̀sì yẹn. Apá mẹ́rin ni kúrọ́ọ̀sì ní, ife irin kékeré kan ló sì bo orí apá kọ̀ọ̀kan. Inú ife náà ni àwọn abẹ́rẹ́ irin tò sí yí apá náà ká, pẹ̀lú gírísì, tí rọ́bà kan sì dí ẹnu rẹ̀ kí omi àti iyanrìn má baà wọlé. Iná wẹ́dà yóò jó rọ́bà, yóò sun gírísì, yóò sì sọ irin tí wọ́n ti mú le nílé iṣẹ́ di irin rírọ̀. Ó tún lè mú kí etí irin tó di ife náà mú wọ́, tí kúrọ́ọ̀sì tuntun kò fi ní jókòó dáadáa síbẹ̀ mọ́ láéláé.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta ńlá dí táyà iwájú níhà méjèèjì, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, kí ẹ sì fi irin ìdúró gbè é, nítorí jáàkì nìkan kò tó ohun tí ènìyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi jíà sí fúrìì, ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ kan di iwájú kúrọ́ọ̀sì mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ yí ọ̀kan sápá ọ̀tún, kí ẹ yí èkejì sápá òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sókè sódò. Kúrọ́ọ̀sì tó dá ṣáká kì í yẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rí i tí irin iwájú ti gbéra kí ti ẹ̀yìn tó gbéra, ó ti jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá jùmọ̀ yí pọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó dúró, inú differential ni àyè yẹn ti wá, níwọ̀nba sì ni eyín jíà gbọ́dọ̀ ní in. Nítorí náà, ohùn "kọ̀ọ̀" nìkan kò tó ẹ̀rí. Ọwọ́ ló ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ife kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú pupa ìdógùn-ún yí rọ́bà rẹ̀ ká, gírísì ti tán níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ló ń lọ̀ tó ń dà jáde. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń gbọ́ láàárọ̀ bá èyí mu, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì, propeller a máa yí bí ìgbà mẹ́rin kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó bá wá láti ara bíréèkì tàbí béárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í sábà yára tó bẹ́ẹ̀. (Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà kò ní propeller rárá, "kọ-kọ-kọ" tó bá ń gbọ́ nígbà tó ń yà ní kọ́nà, ti CV joint, oríkèé ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú, ni.)

Ọmọ Ládípọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ń bọ̀ wá ra kúrọ́ọ̀sì lọ́jà wa níbí, ẹ mú ògbólógbòó náà dání. Àwọn kúrọ́ọ̀sì máa ń jọra lójú, ṣùgbọ́n bí ife bá fi díẹ̀ tóbi tàbí kéré jù, kò ní wọ̀, tàbí kí ó máa yẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ìbú ife àti gígùn láti etí ife kan dé èkejì ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irinṣẹ́ wọ̀n. Ẹ ra èyí tó ní ẹnu gírísì bí ẹ bá rí i, kí ẹ sì rí i pé òrùka irin mẹ́rin tó ń ti ife mọ́ àyè rẹ̀ wà nínú páálí. Èmi kì í ta kúrọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ fún ẹni tó ń gbé èrò.

Awakọ̀ Ṣágámù

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti wọ abẹ́ rẹ̀. Nínú kúrọ́ọ̀sì mẹ́ta tó wà níbẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn béárìn àárín ń yẹ̀ lọ́wọ́ mi, lẹ́búlẹ́bú pupa sì yí i ká. Méjì yòókù kò yẹ̀. Ṣé kí n pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo?

Onímọ̀ Ẹ̀rọ Ẹ̀gbá

Ẹ kú ìṣọ́ra, bàbá. Bí ẹ bá ti sọ propeller kalẹ̀, ẹ tẹ kúrọ́ọ̀sì méjì yòókù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ọ̀kan bá ń há láàárín bó ṣe ń tẹ̀, abẹ́rẹ́ ti gbẹ́ ihò sí apá rẹ̀ lára, ó sì lè fa gbígbọ̀n bí kò tilẹ̀ yẹ̀. Bí mẹ́ta náà bá jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, mo gbà pé kí ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀, kí ẹ sì yí béárìn àárín lọ́wọ́ wò.

Kí wọ́n tó tú bóòtì kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí apá propeller kọ̀ọ̀kan ti pàdé èkejì. Kúrọ́ọ̀sì tó bá tẹ̀ kì í gbé yíyí lọ́gbọọgba: ìgbà méjì ni ohun tó ń yí a máa sáré, tí a sì máa fà sẹ́yìn, nínú ìyípo kan. Kúrọ́ọ̀sì kejì ló ń pa àṣìṣe yìí rẹ́, bí wọ́n bá kọjú síra bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá dá a padà ní ìkọjú mìíràn, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n pẹ̀lú kúrọ́ọ̀sì tuntun, wọn yóò sì máa fi ẹ̀sùn kan táyà.

Lórí ìbéèrè yín ìṣáájú, bóyá ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ má gbé èrò mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe. Bí iwájú propeller bá já, ó lè ṣubú gún ojú títì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá já, yóò máa na abẹ́ ọkọ̀, ó sì lè gé páìpù bíréèkì.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Ìbàdàn

Òótọ́ ni ó sọ. Ẹ dúró ti ẹni tó bá ń fi tuntun sí i. Fáìsì, irinṣẹ́ tó ń fún nǹkan mọ́ àárín ẹnu rẹ̀, ni kí ó fi tẹ ife wọlé, kì í ṣe hámà ńlá. Bí òrùka irin bá kọ̀ tí kò wọ àyè rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ló ti ṣubú sí ìsàlẹ̀ ife. Kí ó má fi agbára lù ú, kí ó fa ife jáde, kí ó fi gírísì to abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà. Bí ó bá parí, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́. Bí ó bá le, kí ó fi hámà rọra gbá etí irin náà kí ife lè sún kan òrùka. Lẹ́yìn èyí ni kí ó fún gírísì sí i títí yóò fi yọ lẹ́nu ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì máa fún un bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá la àgbàrá tó bo propeller kọjá.