Ìjókòó àwọn ọba àti gómìnà níbi ayẹyẹ yunifásítì: báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é ní Èkìtì?

Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà, Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ tí yóò gba àlejò níbi inaugural lecture (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀) ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì wa, tí í ṣe ti ìpínlẹ̀. Gíwá ni yóò darí ètò, a ń retí gómìnà tàbí igbá-kejì rẹ̀, a sì ti kọ̀wé sí ọba ìlú wa àti ọba ìlú tí wọ́n ti bí ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ibo ni kí a gbé àga àwọn Kábíyèsí sí, ta ni kí a kọ́kọ́ dárúkọ, kí ni kí a sì ṣe nígbà tí gómìnà bá wọlé tí gbogbo gbọ̀ngàn dìde?

Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì

Àbúrò mi, ẹ má ṣe fi òye ara yín to àwọn ọba. Ọ̀rọ̀ ipò láàárín àwọn ọba Èkìtì, pàápàá àwọn Pẹlúpẹlú mẹ́rìndínlógún, ìyẹn àwọn ọba aládé tó ga jù ní Èkìtì, kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ yunifásítì lè yanjú. Kí ẹ tó tẹ ìwé ètò, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba, kí ẹ sì rán ẹni tó mọ̀wà sí ààfin kọ̀ọ̀kan láti mọ iye ènìyàn tí yóò tẹ̀lé Kábíyèsí àti ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí àyè wà lẹ́yìn àga ọba fún ẹmẹ̀sẹ̀, nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n ti to àga mọ́ ara wọn débi pé ẹni tó gbé ọ̀pá àṣẹ ń dúró sójú ọ̀nà. Orúkọ oyè nìkan ni kí ẹ kọ síwájú àga, kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ọba kì í jẹun ní gbangba, nítorí náà ẹ ṣètò yàrá kan fún wọn. Ẹ fi wọ́n jókòó kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó tò wọlé.

Òṣìṣẹ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé gómìnà ni Visitor (aṣojú ìjọba tó ni ilé-ẹ̀kọ́) yunifásítì ìpínlẹ̀, ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ ṣáájú Pro-Chancellor (alága ìgbìmọ̀ alákòóso) àti gíwá. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Ààrẹ orílẹ̀-èdè ni Visitor, àlejò pàtàkì sì ni gómìnà jẹ́. Àwọn kan máa ń da ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan kọ fún òmíràn, èyí kò sì dára rárá.

Ní ti dídìde, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà tí Olóyè Ọbásanjọ́ ní kí àwọn ọba dìde kí gómìnà Ọ̀yọ́ níbi ìṣílé ọgbà LAUTECH, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Èrò tèmi ni pé kí olóòtú ètò má ṣe pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Kí ó ní kí gbogbo ènìyàn dìde fún orin orílẹ̀-èdè, orin àtijọ́ tí a padà sí ní ọdún 2024, kí gómìnà sì ti wà níbi àga rẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni yóò dìde fún orílẹ̀-èdè, kò ní sí ẹni tí wọ́n fi ipá mú dìde fún ẹnì kejì.

Olùkọ́ kan, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan ṣoṣo dárúkọ àwọn àlejò láti òkè dé ilẹ̀, kí àwọn tó kù sọ pé àwọn dúró lórí ìlànà tó ti wà nílẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ni àwọn ènìyàn wá gbọ́. A kì í sì í béèrè ìbéèrè lẹ́yìn inaugural lecture, nítorí náà ẹ sọ fún olóòtú kó má ṣe pín gbohùngbohùn káàkiri gbọ̀ngàn.

Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa yóò máa gbé yín ga. Bí ó bá jẹ́ igbá-kejì gómìnà ló wá ńkọ́?

Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì

Àyè ọ̀rọ̀ gómìnà ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì kéde pé gómìnà ló rán an wá. Ẹ tẹ ìwé orúkọ méjì fún àga náà láti ilé, kí ẹ má baà máa fi bírò kọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dé ẹnu géètì.