Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ yí lẹ́ńsì lórí mirrorless (kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú), kí lojú yín rí?

Àkàndé Fótò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Sony a6000 ni mò ń lò, lẹ́ńsì tó bá a wá nínú páálí náà ni mo sì fi ń jẹun láti ọdún mẹ́ta. Ọ̀sán ò ní wàhálà. Àmọ́ bí àwọn onígbọ̀ngàn bá ti pa iná ńlá, tí wọ́n tan iná búlúù yẹn, fótò mi á wá kún fún hóró bíi gaàrí tí wọn ò jọ̀. Wọ́n ti fi lẹ́ńsì 50mm f/1.2 kan lọ̀ mí báyìí (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí gba ìmọ́lẹ̀ tó). Ọwọ́ lèèyàn fi ń yí i, kò ní mọ́tò nínú, kò sì bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ rárá. Owó rẹ̀ ò tó ìdajì owó èyí tó ń dá fókọ́ọ̀sì ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo irú ẹ̀ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìrírí yín ni mo fẹ́ o, mo ti wo YouTube títí ó ti sú mi.

Ìyá Ìbejì Fótò:
Rà á.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Kó o tó gbọ́ ti Ìyá Ìbejì, jókòó kí n sọ ohun tójú mi rí níbi ìdána kan l'Abẹ́òkúta.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra 50mm f/0.95 ni. Inú mi ń dùn. Mo ti fi ya ajá, mo ti fi ya ìgò òróró, mo ti fi ya àbúrò mi, gbogbo ẹ̀ ń mọ́ kedere, ẹ̀yìn ń yọ́ bí òrí. Mo ní iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún ló kàn. Ìyàwó jáde, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ yí i ká, alága ìjókòó ń kọrin, wọ́n ń jó bọ̀ wá bá mi. Mo ṣí lẹ́ńsì gbayawu. Mo ti tan focus peaking, ìlà aláwọ̀ tí kámẹ́rà fi ń tọ́ka sí ibi tó bá mọ́, àwọ̀ pupa ni mo yàn. Mo yọ́jú wo inú kámẹ́rà, mo rí ìlà pupa tó ń ta wàlàwàlà lára gèlè ìyàwó, mo ní háà, ọwọ́ mi ti bà á. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Tá-tá-tá-tá.

Mo délé, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Okùn wúrà ara gèlè, èèyàn lè kà á níkọ̀ọ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ ara abẹ̀bẹ̀ mọ́ gaara. Ojú ìyàwó ńkọ́? Bàìbàì. Fótò 61 ni mo yà nígbà tó ń wọlé, méje péré ni ojú ẹ̀ ti mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìyá ìyàwó pè mí, wọ́n fara balẹ̀, wọ́n ní, "Fótógíráfà, ṣé ọmọ mi ń sunkún lọ́jọ́ náà ni?" Mi ò tíì gbọ́ ìbéèrè tó dùn mí tó yẹn. Mo dá ìdajì owó wọn padà kí wọ́n tó béèrè.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn bá ti pàdé ni ìlà pupa yẹn ń lọ. Kò mọ ojú yàtọ̀ sí gèlè. Gèlè tó bá ti ń dán, òun ló máa kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́.

Ṣọlá Ìkòròdú:
"Ṣé ọmọ mi ń sunkún ni" 😭😭😭 mo kú

Ẹlẹ́rìí Kan:
Irọ́ wà níbẹ̀. Ta ló ń fi 0.95 ya ìdána?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ni.

Bàbá K1000:
Ẹ̀yin ọmọ yìí ń pa mí lẹ́rìn-ín. Pentax K1000 ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, lọ́dún 1986. Kò sí ìlà pupa, kò sí ìlà ewé. Bátìrì ẹ̀ gan-an, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló wà fún. Tó bá kú, kámẹ́rà ò mọ̀. Rọ́ọ̀lù kan, fótò 36. Èyí tó o bá bà jẹ́, ara ẹ lo bà á jẹ́ fún.

Ọ̀gá mi á gbé àga síta ṣọ́ọ̀bù, á ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí n di ojú, kí n fi ọwọ́ lásán yí lẹ́ńsì sí ibi tí mo rò pé àga yẹn jìnnà dé. Á wá yá tépù lọ́wọ́ télọ̀ tó dojú kọ wá, á wọ̀n ọ́n. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan ṣì í, ìgbátí. Oṣù mẹ́ta la fi ṣe é. Títí di òní, tó o bá dúró síwájú mi, ọwọ́ mi mọ ibi tó o wà kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n.

Èkejì, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣí i gbayawu? Torí pé mọ́tò lè sáré 200, ṣé wàá wá fi 200 wọ ọjà Òjé ni? Àwa, f/8, fíláàṣì lórí, mítà mẹ́ta. Gbogbo ilé á mọ́, títí kan ẹni tó ń di ẹran sínú ọ̀rá lẹ́yìn.

Ẹgbẹ́ Kíkí:
Bàbá, ṣé ìyàwó ìgbà yẹn kì í jó wọlé ni?

Bàbá K1000:
Wọ́n ń jó. A máa ń ní kí wọ́n dúró, wọ́n á sì dúró.

Ṣọlá Ìkòròdú:
Ẹ dán an wò lónìí, ẹ ẹ́ rí i bí alága ìdúró á ṣe bu owó ìtanràn lé yín.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ìgbátí yẹn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe lẹ́ńsì.

Bàbá K1000:
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ta ló dá owó padà nínú àwa méjèèjì?

Ẹgbẹ́ Kíkí:
Yéèè 😂

Àdùkẹ́ Peckham:
Ẹ má torí ìdána ẹnìkan ba lẹ́ńsì afọwọ́yí lórúkọ jẹ́. Helios 44-2 lèmi ń lò, 58mm f/2, àwọn ará Soviet ló ṣe é. Níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù lẹ́yìn bùútù mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo ti rí i, lára kámẹ́rà Zenit àtijọ́ kan, £20 péré. Mo ra adáptọ̀ M42, òrùka tó ń so lẹ́ńsì àtijọ́ mọ́ kámẹ́rà tuntun, mo dè é mọ́ Sony a7 III mi. Mo tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́. Mo ti ń wá bébà tí màá fi di adáptọ̀ padà fún ẹni tó tà á kí ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, tó wọ inú ètò ẹ̀, tó tan "Release w/o Lens". Kámẹ́rà rò pé kò sí lẹ́ńsì lójú òun ni! Àkàndé, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ lọ, kó o má bàa bú ẹni ẹlẹ́ni.

Ohun kan tún ni, kámẹ́rà tó bá ń gba gbígbọ̀n ọwọ́ mọ́ra, ìwọ lo máa fọwọ́ yan iye mm lẹ́ńsì sínú ẹ̀, torí lẹ́ńsì ò lè sọ fún un. Mo gbàgbé nígbà kan, mo fi 24 sílẹ̀ níbẹ̀, gbogbo fótò alẹ́ mi ló mì. a6000 ò ní i ní tiẹ̀, wàhálà yẹn ò kan ìwọ.

Àmọ́ ẹ wo ẹwà! Gbé ọmọ síwájú igi tó léwé, ṣí i dé 2, ewé ẹ̀yìn á máa yí po bí ògì tí wọ́n ń rò lórí iná. Kò sí lẹ́ńsì olówó ńlá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Túndé Àkúrẹ́:
Àlòkù lẹ sọ yẹn, àǹtí. Èmi náà ra àlòkù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó tà á ní ó mọ́ tónítóní. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i látẹ̀yìn, lẹ́ńsì ti hu bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́fà.

Ẹlẹ́rìí Kan:
Tì í bọ inú ìrẹsì.

Àdùkẹ́ Peckham:
Ta ló tiẹ̀ kọ́ yín ní ìrẹsì yìí? Eruku ẹ̀ ló máa wọ ibi tí lẹ́ńsì ti ń yí, tó bá dọjọ́ kejì á máa dún gírígírí. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ jẹ, ẹ kó o jọ sínú ike tó ní ìdérí tó dé pinpin, kẹ́ ẹ fi lẹ́ńsì síbẹ̀. Ó tán.

Ẹlẹ́rìí Kan:
Ìrẹsì náà ti wọ́n jù báyìí. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Túndé Àkúrẹ́:
Ìyẹn fún èyí tí kò tíì hu o. Tèmi ti hu. Wọ́n tú u fọ̀ fún mi, àmọ́ ibi tó ti jẹ gíláàsì, ojú àpá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ṣọlá Ìkòròdú:
Ọmọ Ẹ̀gbá ti fún wa ní ọ̀rọ̀ láìmọ̀. Kí ló dé tí a ò máa pe bokeh, ẹ̀yìn fótò tó ń yọ́ yẹn, ní bàìbàì?

Olùkọ́ Èdè:
Rárá o. Bàìbàì ni kéèyàn fẹ́ ríran kó má rí i dáadáa. Ẹni tó ń ya bokeh mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Àdùkẹ́ Peckham:
Lọ́dọ̀ àwọn ará Japan tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, bàìbàì náà ló jẹ́. Àwọn náà ò bínú sí i.

Olùkọ́ Èdè:
Ẹ jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ tó gbayì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ Kíkí:
Bàìbàì àfowórà. Ti Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàìbàì àdá-owó-padà.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ ò ní jẹ́ kí n sinmi nínú ilé yìí.

Ìyá Ìbejì Fótò:
Ẹnikẹ́ni ò béèrè ìdí tí mo fi ní kó rà á.

Ìsọmọlórúkọ ni mò ń yà jù. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kì í jó wọlé. Fuji X-T30 ni mò ń lò, 35mm afọwọ́yí kan tó ṣí dé 1.4 ló wà lójú ẹ̀. Fèrèsé kan, gílóòbù kan, mi ò tan fíláàṣì sójú ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti pa focus peaking pátápátá; ohun tí Ọmọ Ẹ̀gbá sọ nípa ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Màá tẹ ibi tó máa ń sún àwòrán mọ́ èèyàn, màá gbé e lé ojú ọmọ, màá máa yí lẹ́ńsì títí irun ìpéǹpéjú ẹ̀ á fi yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti yọ, mi ò yí i mọ́. Ara mi ni mo fi ń ṣe fókọ́ọ̀sì látibẹ̀ lọ: màá rọra mì síwájú, màá mì sẹ́yìn, díẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ gángan láti ilé kejì, màá tẹ fótò mẹ́ta-mẹ́rin. Ọ̀kan á bọ́ sí i.

Àkàndé, ìwọ tó o fẹ́ lo 50mm ní 1.2 lórí a6000: tó o bá dúró sí mítà kan sí èèyàn, ibi tó máa mọ́ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Gbé àtàǹpàkò rẹ dábùú ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ wò, bó ṣe fẹ̀ mọ nìyẹn. Tì í dé 2.8, ó di bíi mẹ́rin ààbọ̀, ìwọ náà á lè mí. Bàbá ò parọ́ níbi yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fara mọ́ ìgbátí.

Túndé Àkúrẹ́:
Ẹ sọ ti ọ̀sán fún un náà o. Ṣọ́tà a6000 ò lè yára ju 1/4000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ṣí 1.2 lójú oòrùn, kó o rí i bí lésì funfun á ṣe di bébà. Etí ẹ̀ á tún máa yọ àwọ̀ elésè àlùkò. Oníbàárà mi kan ní, "Lésì funfun ni mo rà, ta ló rẹ ẹ́ láró létí?"

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Kó ra ND, gíláàsì dúdú tí wọ́n ń dè sójú lẹ́ńsì.

Ẹgbẹ́ Kíkí:
Tàbí kó dúró sábẹ́ igi máńgòrò.

Ìyá Ìbejì Fótò:
Máńgòrò ni tèmi.

Ẹlẹ́rìí Kan:
Kí ló dé tí kò lè lo ṣọ́tà tí kì í dún yẹn? Ti Fuji mi ń yára dé 1/32000.

Túndé Àkúrẹ́:
a6000 ò ní irú ẹ̀. Ìwọ náà, gbé e wọ gbọ̀ngàn tó ní iná LED lọ́jọ́ kan, kó o wá rí ilà tó máa kọ sójú ìyàwó.

Bàbá K1000:
Ilà Ọ̀yọ́ àbí ti Òndó?

Àkàndé Fótò:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo ti rà á. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣeun, kámẹ́rà dákẹ́ gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe wí, mo lọ tan nǹkan yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ àná, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà orí ìta wa. Gílóòbù kan ló wà lórí wọn, iná igi wà nísàlẹ̀. Mo tẹ fótò 80. Ogún àkọ́kọ́, síbí ló mọ́ nínú gbogbo ẹ̀, ojú ìyá ò mọ́. Mo wá pa focus peaking, mo sún un mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Ìyá ní ṣé ebi ń pa mí ni. Mẹ́sàn-án ló dára. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí òógùn ń rọ̀ sí ètè wọn lókè, ó kù díẹ̀ kó jábọ́, ó mọ́ débi pé gílóòbù wà nínú ẹ̀. Èéfín ẹ̀yìn wọn ti yọ́ tán.

Bàbá K1000:
F mélòó?

Àkàndé Fótò:
2 ni, bàbá.

Bàbá K1000:
O káre.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Gbé e wá ká rí i. Ṣé ìyá ti rí i?

Àkàndé Fótò:
Wọ́n rí i. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ ta ló máa ra àkàrà tí mo ní kí wọ́n má tíì kó kúrò lórí síbí títí ó fi tutù? Mo san ₦500. Ó tutù lóòótọ́.