Fáìlì wà níbẹ̀, Linux ń sọ pé kò sí: "No such file or directory"

FotoOsogbo:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Fọ́tò òde ni mò ń yà, mo wá kọ script kékeré kan (fáìlì àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé) tí á máa kó fọ́tò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ sórí disk kejì lálaalẹ́, torí disk kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí, fọ́tò ìgbéyàwó odidi ẹbí kan ló bá a lọ, mi ò sì fẹ́ kírú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ láyé mi. Inú Notepad lórí láptọ́ọ̀pù Windows ni mo ti kọ ọ́, mo wá gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà Linux tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ṣe chmod +x (kí fáìlì náà lè ṣiṣẹ́ bí ètò), mo ṣe ls (tó ń to orúkọ fáìlì), mo rí fáìlì yẹn kedere, síbẹ̀ nǹkan tó ń sọ rèé:

`bash: ./bakup.sh: /bin/bash^M: bad interpreter: No such file or directory`

Báwo ni ohun tí mò ń fojú rí á ṣe ní òun ò sí? Látàárọ̀ ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀.

TemiLinux:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kì í ṣe bakup.sh ló ní kò sí, ẹ wo ohun tó kọ ṣáájú dáadáa, `/bin/bash^M` ló ń wá tí ò rí (bash ni ètò tó ń ka àṣẹ inú script). Tẹ́ ẹ bá tẹ Enter nínú Notepad, àmì méjì ni Windows ń fi parí ìlà, nọ́ńbà 13 àti 10. Látayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ló ti wá, ọ̀tọ̀ ni àṣẹ tó ń dá orí ẹ̀rọ padà síbẹ̀rẹ̀ ìlà, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń sún bébà sókè. Linux ní tiẹ̀, 10 nìkan ló fi ń parí ìlà, ó wá ka 13 yẹn, òun ni ^M tẹ́ ẹ rí, mọ́ orúkọ bash. Ẹ tẹ èyí kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i:

`cat -A bakup.sh`

Tí ìparí ìlà bá jẹ́ ^M$ dípò $ lásán, òun náà nìyẹn. Ẹ yọ ọ́:

`sed -i 's/\r$//' bakup.sh`

Ẹ má wulẹ̀ fi "bash bakup.sh" yẹ̀ ẹ́ o, torí tí mkdir bá wà nínú ẹ̀, á lọ dá fódà tí ls á máa kọ báyìí, `'bakup'$'\r'`, ẹ ó wá fódà yẹn títí á fi sú yín.

FotoOsogbo:
Ó ti lọ! Ẹ ṣé gan-an ni. Òmíràn ti dé o:

`cp: cannot stat 'Igbeyawo': No such file or directory`
`cp: cannot stat 'Ede': No such file or directory`
`cp: cannot stat '12.jpg': No such file or directory`

"Igbeyawo Ede 12.jpg" ni fọ́tò yẹn ń jẹ́. Ohun tí mo kọ ni èyí (cp ni àṣẹ tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì): `for f in $(ls *.jpg); do cp $f /mnt/disk2/; done`

AlagbedeKodu:
Àlàfo inú orúkọ ló fà á. Àlàfo ni bash fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ó ti gé orúkọ kan sí mẹ́ta. Ẹ fi ls sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àmì àyọlò yí $f ká:

`for f in *.jpg; do cp "$f" /mnt/disk2/; done`

Àbúrò, ẹ má fọwọ́ kékeré mú àmì àyọlò yẹn o, cp ló ṣì ń pariwo yìí, tó bá jẹ́ rm ni, tí fáìlì kan tó ń jẹ́ "Ede" sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, á pa á rẹ́ ni. Mo ti fi irú ẹ̀ ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́ rí, ó dùn mí títí dòní. Ẹ wá ShellCheck, ètò tó ń yẹ script wò, ọ̀fẹ́ ni, á tọ́ka sí gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti gbàgbé ẹ̀.

FotoOsogbo:
Ó ṣiṣẹ́ tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣe é, mo wá gbé e fún cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ní aago tá a bá dá fún un) pé kó máa ṣe é láago 11 alẹ́. Ilẹ̀ mọ́, kò kó nǹkan kan. Mo fi `>> bakup.log 2>&1` sí i kó lè máa kọ àṣìṣe sínú fáìlì bakup.log, ohun tí mo bá nínú ẹ̀ ni:

`cp: cannot stat '*.jpg': No such file or directory`

TemiLinux:
Inú home yín (fódà tó jẹ́ tiyín lórí Linux) ni cron ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú fódà fọ́tò. Kò sí jpg kankan níbẹ̀, bash wá gbé ìràwọ̀ yẹn fún cp bó ṣe wà. Ẹ fi ìlà méjì yìí síwájú for:

`cd /home/studio/foto || exit 1`
`mountpoint -q /mnt/disk2 || exit 1`

Èkejì yẹn, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá disk kejì ti so mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣe pàtàkì ju èkíní lọ fún yín. Tí disk kejì ò bá tíì so mọ́ kọ̀ǹpútà, /mnt/disk2 á kàn jẹ́ fódà lásán lórí disk àkọ́kọ́, cp á máa kó fọ́tò sínú ẹ̀ láìráhùn, orí disk kan náà ni gbogbo ẹ̀ á sì wà.

FotoOsogbo:
Ẹ̀gbọ́n, ara mi bù máṣọ. Mo tẹ mountpoint báyìí, ó ní `/mnt/disk2 is not a mountpoint`. Iná lọ lọ́jọ́ Ajé, àtìgbà tí kọ̀ǹpútà ti tan padà ni disk yẹn ò tíì sí níbẹ̀, gbogbo èyí tí mo fọwọ́ kó, orí disk kan ṣoṣo ló wà. Mo ti kọ ọ́ sínú /etc/fstab (fáìlì tó ń sọ disk tí Linux á so nígbà tó bá ń tan), mo fi nofail sí i (kí kọ̀ǹpútà lè tan bí disk ò bá tiẹ̀ sí), mo ti ń tún gbogbo ẹ̀ kó báyìí.