Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tú àjà ilé àtijọ́ rí, kí lẹ bá níbẹ̀?

Àdùnní: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ilé àtijọ́ la ń tún ṣe, káfíńtà yọ pákó kan lójú àjà báyìí, ni nǹkan kan bá ń dà wúrúwúrú sílẹ̀, ó ń dán bíi wúrà, ó fúyẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ìpele-ìpele bí ìwé tí wọ́n ṣẹ́po. Ta ló ti rí irú ẹ̀?

Bàbá Kékeré: Ẹ gbá a dànù jàre.

Ọmọ Káfíńtà: Rárá o sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ kàn án! Ó jọ vermiculite, òkúta fífúyẹ́ tí wọ́n máa ń dà sórí àjà kí ooru tàbí òtútù má bàa wọlé. Libby ní Montana l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wa púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n tà fáwọn onílé, asbestos, òkúta olókùn tín-ín-rín tí eruku ẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ, sì wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ti ibi ìwakùsà yẹn pa ní 1990, ẹrù ẹ̀ ṣì wà lórí àjà àwọn èèyàn. Kì í ṣe gbogbo vermiculite ló ní i o, àmọ́ ojú lásán ò lè yà á.

Tóyìn: Tèmi, ìwé ìròyìn tí wọ́n rún ni. Mo jókòó sórí àkàbà mò ń kà á títí ilẹ̀ fi ṣú 😂

Ìyá Ìbejì: Àdùnní, káfíńtà yẹn ò gbọdọ̀ gbọn aṣọ ẹ̀ nínú ilé o. Bùọ̀dá mi fi asbestos wé páìpù nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó bá délé ìyàwó ẹ̀ á gbọn aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́, ojoojúmọ́ ni, obìnrin tí ò dé ibi iṣẹ́ yẹn rí láyé ẹ̀, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn kí wọ́n tó sọ pé mesothelioma, jẹjẹrẹ tí asbestos máa ń fà, ló wà lára ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ lọ. Bùọ̀dá ṣì wà láyé.

Tóyìn: Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́ ma.

Wálé: Aṣọ tó ń fọ̀ nìkan? Ó ṣòro fún mi láti gbà.

Ọmọ Káfíńtà: Wálé, òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ìyàwó òṣìṣẹ́ ló bá a lọ bẹ́ẹ̀. Okùn asbestos tín-ín-rín débi pé ojú ò rí i.

Bàbá Kékeré: Abẹ́ páànù asbestos la dàgbà sí, kí ló ṣe wá?

Ọmọ Káfíńtà: Páànù tó wà lódindi, tẹ́nì kan ò gé, tí ò fọ́, ìyẹn ò tíì yọ eruku sà. Gígé àti gbígbá ló ń gbé e dìde.

Wálé: Kó ṣáà wọ máàskì.

Ìyá Ìbejì: Máàskì aláṣọ ò dá nǹkan kan dúró níbẹ̀!

Ọmọ Káfíńtà: Àdùnní, ẹ pa fáànù, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn. Ẹ jẹ́ kí onílàábù yẹ̀ ẹ́ wò bóyá asbestos wà níbẹ̀. Tí wọn ò bá lè wá bu ú fúnra wọn, ẹ rọra fọ́n omi ọlọ́ṣẹ díẹ̀ sí i kó tutù, kẹ́ ẹ bu ìwọ̀nba sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá kejì bò ó.

Àdùnní: A ti ti ilẹ̀kùn, mo fi téèpù dí abẹ́ ẹ̀. Káfíńtà ti ń gbọn ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tí mo ka ti Ìyá Ìbejì, mo pariwo mọ́ ọn. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ti wà nínú ọ̀rá. Onílàábù ń bọ̀ lọ́la.