Ṣé kí n ra GPU ńlá (káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde) báyìí, àbí kí n dúró kí owó rẹ̀ wálẹ̀?

Ọmọ_Ówè (Kàbà)

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi gba ọ̀rọ̀ yìí rò. Kọ̀ǹpútà mi: CPU Ryzen 5 5600, RAM 16GB, PSU (àpótí tó ń pín iná) 650W, káàdì GTX 1660 Super, mọ́nítọ̀ 1440p. Géèmù tuntun ti ń há fún un. Káàdì RTX 5090 ti NVIDIA ló wù mí, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń pè ní Àbújá kọjá kèrémí, wọ́n tún ń fi kún un ṣáá. Kí ló ń gbé owó yìí sókè? Ṣé yóò padà wálẹ̀? Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ ni mo máa rà, kí ni kí n yẹ̀ wò? Iná ilé: inverter 1.5kVA àti bátìrì 12V 220Ah kan.

Ẹnu_Ọjà

Okun, àbúrò. Nígbà tí 5090 jáde ní January 2025, 1,999 dọ́là ni NVIDIA fi lé e. RTX 4090 ti October 2022 jẹ́ 1,599. GTX 1080 Ti, tó jẹ́ ọ̀gá ní 2017, 699 péré ni.

Wá gbé e sí náírà. Bí dọ́là bá jẹ́ 1,500, 1,999 yẹn ti di 2,998,500 náírà kí ẹnikẹ́ni tó gbé owó ọkọ̀, owó ibodè àti èrè tirẹ̀ lé e. Kí June 2023 tó dé, iye tí ìjọba ń pe dọ́là kò tó 500. Ní iye yẹn, káàdì kan náà kò ní tó mílíọ̀nù kan. Èyí tó pọ̀ nínú igbe wa, ti náírà ni.

Èyí tó kù, ti AI ni. Chip tó wà nínú 5090, GB202, fẹ̀ tó 750 mm², ilé iṣẹ́ TSMC ní Taiwan ló ń ṣe é. Chip yẹn náà ni NVIDIA ń fi sínú káàdì RTX PRO 6000 tó ní mémórì 96GB, tí àwọn oníṣẹ́ AI ń rà ní ohun tó lé ní 8,000 dọ́là. Bó o bá ní chip kan ṣoṣo lọ́wọ́, ta lo máa kọ́kọ́ dá lóhùn? Mémórì náà ńkọ́? Samsung, SK Hynix àti Micron ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lágbàáyé, àwọn kan náà ló sì ń ṣe HBM, mémórì ayára, fún AI. Láti ìparí 2025 ni owó RAM ti ń fò lọ sókè. AMD, tó ń bá NVIDIA díje, ì bá bá wọn dù ú, ṣùgbọ́n kò gun òkè yẹn rárá: RX 9070 XT ni òpin tirẹ̀ nínú ìran yìí, RTX 5070 Ti ti NVIDIA ni ìyẹn sì ń bá fà á.

Àwọn kan á ní 2021 náà rí báyìí, pé owó sì padà já. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi káàdì wa Ethereum, owó orí ayélujára, ló kó wọn nígbà náà. Nígbà tí Ethereum pa iṣẹ́ yẹn tì ní September 2022, wọ́n da káàdì wọn sọ́jà. Àwọn tó ń kó o báyìí kò ní dà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má dúró de 5090.

Iná_Ò_Dúró (Ìsánlú)

5090 lórí bátìrì kan? Ẹ kú ìnáwó o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Káàdì yẹn nìkan ń jẹ 575W. Fi 5600, fáànù, mọ́nítọ̀ àti ohun tí PSU ń fi ṣòfò kún un, ó ti tó 800W. Bátìrì rẹ jẹ́ 12 × 220, ìyẹn 2,640Wh. Bó bá jẹ́ olómi tàbí gel, kò yẹ kó o fà á kọjá ìdajì: 1,320Wh. Inverter á jẹ tirẹ̀, yóò ku nǹkan bí 1,120Wh. Pín in sí 800W, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 24 ni. Ojúlówó rẹ̀ kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí bátìrì tí a bá ń fa agbára rẹ̀ kíákíá kì í tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Inverter 1.5kVA sábà máa ń gbé bíi 1,200W, nítorí náà lójú, ó gbà á. Ṣùgbọ́n káàdì ńlá kì í jẹ iná létòlétò. Ó máa ń ta sókè lójijì, kó o tó ṣẹ́jú, ó ti padà. Inverter á ké “overload”, kọ̀ǹpútà á kú pii. Ẹ tún wo ara inverter yẹn: bí kò bá jẹ́ “pure sine wave” (tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA), PSU tòótọ́ lè máa kú nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí inverter sì gbà á. Àwọn èèyàn á wá máa fi ẹ̀sùn kan káàdì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, ìyẹn “I pass my neighbour”, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. 650W ni gbogbo agbára rẹ̀.

Nípa PSU, NVIDIA ní kí ẹ lo 1000W fún 5090, 850W fún 5080, 750W fún 5070 Ti. AMD ní 750W fún 9070 XT. 650W tó o ní gba RX 9070 tí kò ní XT: 16GB, 220W, 549 dọ́là nígbà tó jáde ní March 2025. Gbogbo kọ̀ǹpútà á máa jẹ bíi 400W, bátìrì rẹ á sì gbé e fún bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 48. Fún 1440p, òun ni màá mú. Lo wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti PSU dé ihò iná 8-pin méjèèjì lára káàdì. Má fi wáyà kan tó lẹ́nu méjì sí i. Lẹ́yìn náà, wọ ètò AMD Adrenalin, Performance, Tuning, kó o fa Power Limit (òpin iná tí káàdì lè jẹ) sí −10%. Kó o sì fi òpin 75 FPS (àwòrán 75 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí géèmù. Ariwo fáànù nìkan á sọ fún ọ pé nǹkan ti yí padà.

Àgbẹ̀_Káàdì (Ìyàrá)

Ẹ̀gbọ́n wa ti sọ ti iná. Ẹ jẹ́ kí n mú ti tòkunbọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ènìyàn jẹ.

Káàdì tí wọ́n sábà máa ń gbé wá ni RTX 3090: 24GB, 350W. Má sanwó lórí fọ́tò. Ní kí wọ́n kì í bọ kọ̀ǹpútà lójú rẹ, kó o ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú rẹ̀. 3090 gbọ́dọ̀ fi Shaders 10,496 hàn, Bus Width 384 bit. 4090 jẹ́ 16,384. Bí GPU-Z bá kọ [FAKE] síwájú orúkọ, dìde kó o máa lọ. Bí wọ́n bá ní “kò sí kọ̀ǹpútà tí a lè fi dán an wò”, dìde náà: wọ́n ti rí 4090 tí wọ́n yọ chip àti mémórì inú rẹ̀, tí fáànù àti irin rẹ̀ ṣì wà ní pípé.

Lẹ́yìn náà, fi FurMark, ètò tó ń mú káàdì ṣiṣẹ́ dé òpin, dán an wò fún ìṣẹ́jú 20, kó o ṣí HWiNFO tó ń ka ooru sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí Hot Spot (ibi tó gbóná jù nínú chip) bá fi ohun tó lé ní 25°C ju ìwọ̀n GPU fúnra rẹ̀ lọ, paste tó ń gbé ooru chip lọ sára irin ti gbẹ tàbí irin rẹ̀ kò jókòó dáadáa. Ti mémórì ni kó o fojú sí jù lára 3090, nítorí ìdajì mémórì rẹ̀ wà lẹ́yìn pátákó, níbi tí fáànù kò dé. Bó bá dé 110°C, káàdì á rọra dín eré kù fúnra rẹ̀. Pad tuntun (rọ́bà tó ń gbé ooru mémórì lọ) lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n yọ owó pad kúrò nínú ohun tó o máa san. Bí o bá rí àpótí kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi lójú mọ́nítọ̀, mémórì ti ń kú nìyẹn. Kò sí ẹ̀dínwó tó yẹ ẹ́.

Bó bá jẹ́ wébíìlì ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ láti Àbújá, káàdì gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ nínú ọ̀rá antistatic àti páálí tirẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. 3090 ńlá lè wúwo tó kílò kan ààbọ̀. Gìrìgìrì ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kàbà lè fa ihò PCIe, ibi tí káàdì ń kì bọ̀, ya kúrò lára motherboard.

Ọmọ_Ówè (Kàbà)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó jọ pé RX 9070 ni màá wá. B450 ni motherboard mi, PCIe 3.0. Ṣé kò ní fún un lọ́rùn?

Iná_Ò_Dúró (Ìsánlú)

Díẹ̀ ni, o lè má tilẹ̀ mọ̀, nítorí 9070 ń lo gbogbo ọ̀nà 16 (x16) tó wà nínú ihò PCIe. Káàdì tó ń lo ọ̀nà 8 péré (x8), bíi RTX 5060 Ti, ni PCIe 3.0 ń pa lára jù. Ṣe àtúnṣe BIOS (ètò ìpìlẹ̀ inú motherboard), kó o tan Above 4G Decoding àti Re-Size BAR níbẹ̀, kí CPU lè dé gbogbo mémórì káàdì lẹ́ẹ̀kan. Kó o tó yọ 1660, wọ Safe Mode, fi ètò DDU nu dráífà NVIDIA kúrò pátápátá. Kó o tó sanwó, fi rúlà wọn inú kéèsì rẹ: èyí tó ní fáànù mẹ́ta lè gùn tó 33 cm. Bí fáànù iwájú kéèsì bá gba àyè, wá èyí tó ní fáànù méjì.